Ọwọ́ Mẹ́rin Lára Bàbá Gbígbẹ

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìíní oṣù kejì

Mo ti di ìyàwó! Mo ti di ìyàwó! Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè dá mi lójú. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jókòó sórí àga kan náà nílé-ẹ̀kọ́ girama ló fún mi ní ìwé yìí lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó ní kí n máa kọ adùn inú rẹ̀ sílẹ̀, kí n má bàa sọ lọ́jọ́ iwájú pé kò sí. Ó dáa. Ọkọ mi ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, mo sì ń fetí sí i bí ẹni ń gbọ́ orin. Yàrá wa ṣì ń rùn fún ọ̀dà tuntun. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igbó, bí mo bá sì ti ṣí i láàárọ̀, ewé tútù ni ojú mi ń kọ́kọ́ rí, ó lọ salalu títí dé odò.

Igbó yìí ni ìyálé mi. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Òun ni olórí ẹ̀ṣọ́ Ẹgbẹ́ Aláàbò Igbó, kò sì tíì mọ̀ mí rí tí ó ti ń ṣọ́ ọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ó ti dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀ kiri. Mo ní, "Níbo?" Ó ní, "Ìyálé rẹ ń pè mí." Mo fi ìrọ̀rí sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Mo gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ bá wọn lójú iṣẹ́. Wọ́n ń ro ààlà iná. Ilẹ̀ gbọọrọ ni, ó fẹ̀ tó ọ̀nà ọkọ̀, ó pààlà sáàárín igbó àti pápá koríko. Wọ́n ń gé koríko ibẹ̀, wọ́n ń gbá ewé rẹ̀ kúrò, kí iná pápá lè dé ibẹ̀ kó má rí nǹkan jẹ. Gbogbo wọn dá iṣẹ́ dúró nígbà tí wọ́n rí mi. "Ìyàwó dé! Ẹ sáré fọwọ́!" Àwọn ọmọdébìnrin ń wo àwọn yẹtí mi. Inú mi dùn dé ibi tí mo gbàgbé ṣíbí sílé. Ọwọ́ ni wọ́n fi jẹun.

Ibẹ̀ ni mo ti rí Bàbá Gbígbẹ. Igi ni o, kì í ṣe èèyàn. Ó ga, ó funfun bí eegun, kò ní ewé kan. Ó dúró létí ààlà lápá pápá, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ síhà igbó bí ẹni ń yọjú wo inú ilé onílé.

Mo bi ọkọ mi pé, "Bí iná bá mú eléyìí ńkọ́?"

"Á wó sórí ààlà. Iná á gùn ún bí afárá, á wọlé."

"Kí ló dé tẹ́ ò gé e?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó ní òfin ẹgbẹ́ ni pé ọwọ́ mẹ́rin gbọ́dọ̀ kan ara igi kí àáké tó kàn án, ì báà jẹ́ òkú igi. Ọwọ́ àwọn aṣíwájú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni, lára èèpo igi, lójú mọmọ, lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́ta ti ṣe tán, òun náà wà nínú wọn. Ìyá Olóyin nìkan ló kù, oyin rẹ̀ ló sì ń gbé nínú ihò Bàbá Gbígbẹ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Ìpàdé ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Télọ̀, alága. Wọ́n ní kí n wá gbé omi fún wọn, mo sì jókòó sórí òkìtì aṣọ tí wọ́n ti gé, mo ń gbọ́. Bàbá Télọ̀ kì í dá máṣíìnì dúró nítorí ìpàdé. Bí ọ̀rọ̀ bá gbóná ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yára.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, igi yẹn gbọ́dọ̀ lọ," ni ọkọ mi wí.

"Kó lọ síbo?" Ìyá Olóyin kọjú sí i. "Ìdílé ń bẹ nínú ẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ìwọ àti ìyàwó ọ̀ṣìngín jáde nílé yín lónìí, ṣé ẹ ó jáde?"

Awakọ̀, tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, bú sẹ́rìn-ín. "Àwọn wo? Àwọn yìí ò kúkú jáde láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé!"

Mo fi aṣọ oníbàárà bojú.

Ìyá Olóyin ní kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀ kí òun fi èéfín lé àwọn oyin sínú àpótí tuntun, pé ọmọ ń bẹ lọ́wọ́ wọn, bí wọ́n bá lé wọn báyìí, ọ̀pọ̀ ni yóò kú. Kò yájú, ó ń bẹ̀bẹ̀ ni. Awakọ̀ ní iná kì í dúró de ẹni tó lóyún. Bàbá Télọ̀, tí ó fi ẹnu gbé abẹ́rẹ́ mẹ́ta, ní, "Ọwọ́ mẹ́ta kì í ṣe mẹ́rin. Ìpàdé parí."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Afẹ́fẹ́ gbígbẹ dé. Ètè mi ti là, bí mo bá rẹ́rìn-ín ó ń dùn mí, ó sì jẹ́ pé ẹ̀rín ni mo ń rín látàárọ̀. Àgbá omi kan ti di ìlọ́po méjì iye tí a ń rà á. Kẹrosíìnì kò sí rárá.

Ọkọ mi kan pẹpẹ fún mi sí ilé ìdáná. Ó dagun. Bí mo bá gbé ife sí apá ọ̀tún, á rìn lọ sí apá òsì fúnra rẹ̀. Mo ní kò sí pẹpẹ tó rẹwà tó o láyé, ó sì gbà mí gbọ́!

Èéfín wà lẹ́yìn òkè. Ọkọ mi ní ó jìnnà. Ṣùgbọ́n kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, mi ò sì rí irú ẹ̀ rí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Ìyá Olóyin wọlé wá bá wa láàárọ̀, ojú rẹ̀ kan wú pa, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mo ti kó wọn o! Ẹ wá gé òkú yín."

Mo fò mọ́ ọn. Ó ní òun fi afárá oyin àtijọ́ pẹ̀lú ìda rẹ̀ sílẹ̀ nínú ihò fún àwọn oyin tó ti jáde lọ oko, kí wọ́n lè rí ibi kóra jọ sí títí òun yóò fi padà wá kó wọn. Ọkọ mi ti mú okùn tí wọn yóò fi fa igi náà kúrò níhà igbó. A sáré lọ sí ilé Awakọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń gbálẹ̀. Ó ní ó ti gbé sìmẹ́ǹtì lọ, kò tíì pẹ́ tó jáde, eruku ọkọ̀ rẹ̀ ni òun ń gbá yìí.

Ọkọ mi jókòó sórí okùn náà lójú ọ̀nà. Mo jókòó tì í. Awakọ̀ ṣáà ń bọ̀ lọ́tùnla, ìyàwó rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Kò bọ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ ti kú sójú ọ̀nà, ibi tó jìnnà. Bàbá Télọ̀ gbé fóònù sórí máṣíìnì kí gbogbo wa lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Mo gbà! Ẹ gé e! Ẹ gé gbogbo ẹ̀!"

"Ohùn kì í ṣe ọwọ́," ni Bàbá Télọ̀ wí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Mo mọ̀ pé èmi ni mò ń sọ̀rọ̀!"

"Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó wà ṣáájú mi lórí àga yìí náà mọ̀ ọ́n, nígbà tó ní gbogbo yín ti gbà lórí fóònù. Kí lo bá ní òkè odò nígbà tó o dé?"

Kùkùté ni wọ́n bá. Ọkọ mi ti sọ ọ́ fún mi rí: gbogbo àwọn igi ńlá òkè odò ni alága àná tà fún àwọn oníṣòwò pákó láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí ó ń sọ fún olúkúlùkù pé àwọn yòókù ti fọwọ́ sí i. Ìgbà yẹn ni wọ́n dá òfin ọwọ́ mẹ́rin.

Èmi tí ẹnikẹ́ni kò bi ní nǹkan kan, mo ní, "Bàbá, ṣé ìyàwó Awakọ̀ ò lè fi ọwọ́ tirẹ̀ dípò ni?"

Inú kò bí wọn. Bàbá Télọ̀ wò mí bí ẹni ń wo ọmọ rẹ̀. "Ìyàwó wa, bí aya bá fọwọ́ dípò ọkọ lónìí, àna á fọwọ́ dípò àna lọ́la. Lọ́tùnla, ẹni tó gbé ayùn wá ni yóò fọwọ́ dípò gbogbo wa."

Mo kó ife wọn, mo lọ fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Ìjà wa àkọ́kọ́! Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé adùn náà ni, ní ìparí rẹ̀.

Mo ní kó lọ gé igi náà. Kí ó ṣáà gé e, kò sẹ́ni tí yóò bá a wí bí igbó bá là. Ó mú àáké, ó jáde, mo tẹ̀ lé e. Oòrùn ń ta. Wọ́n ti ro ìdí Bàbá Gbígbẹ mọ́ fínnífínní, wọ́n ti da iyẹ̀pẹ̀ sí i, ohun tó kù ní ṣíṣe kò ju ọ̀kan lọ. Ó gbé àáké sókè. Ó wá rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

Ó ní, "Mo gba àáké lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi nínú igbó yìí. Ẹ̀ka lásán ló gé, ó fẹ́ fi ti òrùlé ìyá ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Ṣé o mọ ohun tí mo sọ fún un? Ọwọ́ mẹ́rin. Kí ni n ó wá sọ fún un lónìí?"

Mo ní, "Sọ fún un pé iná ń bọ̀."

"Ojoojúmọ́ ni ẹni tó bá fẹ́ gé igi máa ń rí iná tó ń bọ̀."

Mo bínú, mo ṣáájú rẹ̀ délé, mo yíjú sógiri. Ó wọlé, ó bó ọsàn, ó ń fún mi jẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀yìn. Níbi ọsàn kẹta ni mo yíjú padà. Bóyá òmùgọ̀ ni mo fẹ́. Bó bá jẹ́ òmùgọ̀, temi ni!

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ojú ọ̀run pọ́n. Kò sí òjò. Mo gbàdúrà títí ẹnu mi fi gbẹ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Iná ti kọjá òkè. A ń rí i lójú ara wa báyìí, ó tò lọ gbọọrọ, ó ń bọ̀ wá láìkánjú, bí ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní í pẹ́ dé. Awakọ̀ ti fi lọ́rì sílẹ̀ fún ọmọ ọkọ̀ rẹ̀, ó ti gun alùpùpù olóore kan, ó ń bọ̀. Gbogbo ilé ló ń pọn omi. Mo fi ìkòkò tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó pọn omi, èyí tí mo ní n kò ní í lò títí n ó fi bímọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Lánàá. Mi ò lè kọ ọ́ lánàá.

Nígbà tí oòrùn yẹ̀ àtàrí ni iná dé ààlà. A tò sẹ́yìn ààlà pẹ̀lú ẹ̀ka tútù lọ́wọ́, ooru ń fa awọ ojú wa. Iná dé etí ilẹ̀ tí wọ́n ro, ó wò ó, kò rí nǹkan jẹ, ó sì dúró! Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Ó rẹlẹ̀, ó ń kú lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin bú sórin. Mo fò mọ́ ọkọ mi lọ́rùn níwájú gbogbo àgbà, ó gbé mi sókè, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń ké. Mo ní, "Ìyálé mi là! Ìyálé mi là!"

Ìyá Olóyin ló ní, "Kí ló ń rùn bí àbẹ́là?"

A wòkè. Èéfín tín-ín-rín ń jáde láti inú ihò Bàbá Gbígbẹ, bí ẹni ń dáná nínú ilé. Ẹ̀ta iná ti fò wọnú ihò, ó bá ìda níbẹ̀. Ìyá Olóyin gbé ọwọ́ lórí.

Ìgbà yẹn gan-an ni Awakọ̀ dé. Ó pọ́n fún eruku bí bíríkì. Ó ju alùpùpù sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kí i.

"Ọwọ́!" ni Bàbá Télọ̀ ké.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáré kọjá ààlà, wọ́n gbé ọwọ́ lé igi náà. Ara igi ti gbóná, nítorí inú rẹ̀ ló ti ń jó. Mo rí Ìyá Olóyin tó ń gé ètè ara rẹ̀ jẹ. Bàbá Télọ̀ sì ń bi wọ́n léèrè bí òfin ṣe wí. Ṣé o gbà? Mo gbà. Ṣé o gbà? Mo gbà. Kò sẹ́ni tó gbé ọwọ́ kúrò kí ó tó kan ẹni ìkẹyìn. Mo ń pariwo pé, "Ẹ gé e! Ẹ gé e!" Ohùn mi kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, n kò sì lè ṣe nǹkan kan, àfi kí n dúró kí n máa wo ọwọ́ ọkọ mi.

Ọkọ mi gbé àáké. Kò sí àyè fún okùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kàn án, igi náà sì dá fúnra rẹ̀, ó wó síbi tó ti ń wò láti ọjọ́ yìí. Sórí ààlà. Sínú igbó.

Ewé gbígbẹ ló wà nílẹ̀ níbẹ̀. N kò ní í kọ ìyókù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Odò ló dá a dúró, kì í ṣe àwa. Ti òkè odò ṣì wà, bí a bá lè pe kùkùté àti ọmọ igi ní igbó. Tibí dúdú láti fèrèsé mi dé etí omi. Kò sẹ́ni tó kú. Gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara wọn: kò ṣáà sẹ́ni tó kú.

N kò ṣí fèrèsé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Àtẹ́lẹwọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló bó. Ti ọkọ mi ló burú jù, nítorí ó tún fi ọwọ́ méjèèjì fa ẹ̀ka tó ń jó. Nọ́ọ̀sì wé gbogbo rẹ̀ ní báńdéèjì, ó dà bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀ sọ́wọ́.

Èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ. Èmi ni mò ń fọ ẹnu fún un. Bí imú bá ń yún un, á pè mí láti yàrá: "Ìyàwó! Imú o!" Mo ń sáré lọ. Ọlọ́run má bínú sí mi, inú mi ń dùn. Ilé ń rùn fún eérú, ìyálé mi ti kú tàbí kò kú, n kò mọ̀, inú mi sì ń dùn pé ọkọ mi jókòó sílé, ó ń la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ. Lẹ́yìn náà mo wọ ilé ìdáná lọ sunkún lábẹ́ pẹpẹ tó dagun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Òjò rọ̀. Lónìí! Mo jáde síta, mo bú u.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Oníṣòwò pákó kan ti dé. Ó wọ bàtà tó mọ́. Ó bá wa kẹ́dùn, ó ní igi tó bá ti jó ti di òkú, kí ẹgbẹ́ jẹ́ kí òun bá wọn palẹ̀ ẹ̀ mọ́ kíákíá kí ó tó jẹrà, pé òun ti gbé ẹ̀rọ agégi wá.

Ìpàdé ní ṣọ́ọ̀bù. Máṣíìnì dákẹ́, nítorí ọwọ́ Bàbá Télọ̀ kò lè ti aṣọ.

Awakọ̀ dìde. Ojú rẹ̀ ti wọlé. "Èmi ni mo fi yín sílẹ̀. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òfin yìí ló jó igbó, ẹ jẹ́ ká pa á rẹ́. Kí alága nìkan máa sọ̀rọ̀, kó parí síbẹ̀."

Ìyá Olóyin ní, "Ìda mi ló jó o. Ẹ má fi òfin bo àṣírí mi. Ṣùgbọ́n mo gbà, ẹ pa á rẹ́. Ó ti sú mi."

Bàbá Télọ̀ ti dàgbà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní, "Èmi náà gbà."

Gbogbo wọn kọjú sí ọkọ mi. Mo fẹ́ kí ó ní òun gbà. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo mi orí sí i láti ẹ̀yìn wọn.

"Mi ò gbà," ni ọkọ mi wí. "Iná ti jó igbó. Bí a bá tún fi òfin yìí ṣe eérú, kí ló kù tí a ó fi di ilẹ̀kùn mọ́ bàtà tó mọ́ yẹn?"

Ọwọ́ mẹ́ta kì í ṣe mẹ́rin. Òfin dúró.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

A wọnú eérú lọ láàárọ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èmi, àti oníṣòwò pákó pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ọwọ́ kò le, kí wọ́n ṣáà fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bàtà rẹ̀ kò mọ́ mọ́. Mo gbádùn ìyẹn.

Ní ìdí igi àkọ́kọ́, tó dúdú láti ìdí dé orí, Awakọ̀ na ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n wé. Bàbá Télọ̀ dá a dúró.

"Aṣọ kì í ṣe ọwọ́."

"Bàbá! Ẹ̀yin télọ̀ lẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi télọ̀ náà ni." Ó sì ń fi eyín tú báńdéèjì tirẹ̀.

Mo tú ti ọkọ mi. Apá ibi tó lẹ̀ mọ́ ọn, mo fi omi rin ín, mo rọra ń fẹ́ ẹ. Ó ń wo orí igi, kò wo ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó pupa, lé èèpo igi dúdú náà.

"Ṣé o gbà?" ni Bàbá Télọ̀ bi ọkọ mi.

Ọkọ mi di ojú. "Ó tutù," ni ó wí. "Ìyá, ẹ bá mi wò ó."

Ìyá Olóyin yọ ọ̀bẹ tó fi ń gé afárá oyin, ó ha èèpo náà níbi kékeré. Lábẹ́ dúdú, ó tutù yọ̀yọ̀, ó sì ń sun omi bí igi alààyè.

"Mi ò gbà," ni ọkọ mi wí.

Oníṣòwò pákó rẹ́rìn-ín. "Igi kan nìyẹn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Ṣé gbogbo ẹ̀ lẹ fẹ́ máa fọwọ́ pa lára báyìí?"

Mo wé ọwọ́ ọkọ mi padà, mo so ó. A rìn dé ìdí igi kejì. Ó na ọwọ́ sí mi. Mo tún tú u.